Ojú Ìwé Tí Ikán Jẹ

Etí kan ṣoṣo ló kù fún bàbá mi nígbà tí a dáná sí ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń ṣe. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti lọ láti ọdún mélòó kan. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìlọrin sọ pé a pẹ́ ká tó gbé e wá, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, èyí tó tún bí mi nínú ju bí ì bá ṣe jágbe mọ́ wa lọ. Lẹ́yìn ojú ni etí ọ̀tún tẹ̀ lé e. Nígbà tí Kérésì fi ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ní láti lọ jókòó sí apá òsì rẹ̀ kó tó gbọ́ ohun tí à ń wí. Ọjọ́ kan ló pe èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, ó ní ká jókòó. Ó ní ọkọ̀ tí òun ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá yìí, òun kò lè fojú rí i mọ́, ẹjọ́ ìyẹn ti tán. Ṣùgbọ́n òun fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí etí tó kù yìí tó di.

"Ẹ má jẹ́ kó di Àjíǹde," ó ní. "Àjíǹde ti jìnnà jù."

Fítà, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ni bàbá mi níbi iṣẹ́ rélùwéè, ní Mínnà àti ní Kàdúná, láyé ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń jẹ èédú. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tó kó wa bọ̀ sílé, sí Kàbà, ohun tó kó bọ̀ láti ibi iṣẹ́ kò ju mẹ́ta lọ: àpótí irinṣẹ́, igi kan tó gùn tó apá èèyàn, àti ìwé kan. Igi yẹn ló fi ń yẹ ẹ̀rọ wò. A fi orí rẹ̀ kan kan ara irin tó ń ṣiṣẹ́, a fi èkejì kan ihò etí, a sì gbọ́ ohun tó ń dun ẹ̀rọ náà nínú ikùn. Ó máa ń sọ fún wa pé àwọn fítà àgbà tí ariwo iṣẹ́ ti di létí a máa fi eyín di igi náà mú, pé ohùn irin a gba eyín wọlé dé agbárí. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama, mo sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó ṣe é rí, mo sì ti kà á kún àsọdùn àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì.

Ìwé náà ni ọ̀gá rẹ̀ kan fi ta á lọ́rẹ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, àwòrán ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan ni bàbá mi yàn láàyò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú rẹ̀ kò wá sí Nàìjíríà nígbà tirẹ̀, kò sì fojú kàn án rí yàtọ̀ sí orí ìwé.

Ìtàn ọkọ̀ yẹn kò le. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin, àwọn ará Yúróòpù ń tẹ́ ojú irin tẹ́ẹ́rẹ́ gba orí òkè àti inú oko, ojú irin tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ọ̀nà oko wa. Ọkọ̀ kúkúrú lè gba ibẹ̀ kọjá, àmọ́ kò lágbára ẹrù. Ọkọ̀ gígùn lágbára, àmọ́ ara rẹ̀ gan. Tó bá dé ibi tí ọ̀nà ti yí, yóò ya kúrò lórí irin. Ọkùnrin ará Siwisalandi kan tó ń ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà ní ilẹ̀ Faransé ló bá wọn tú u. Tẹ́lẹ̀, ó ti ṣe ọkọ̀ tó ń lo sítíìmù lẹ́ẹ̀mejì. Sítíìmù tó bá jáde nínú sìlíńdà kan, tí ọkọ̀ mìíràn ì bá tú dà sí òfuurufú, òun a darí rẹ̀ sínú sìlíńdà mìíràn kó tún ṣiṣẹ́ kó tó lọ. Nígbà tó yá, ó pín ẹsẹ̀ ọkọ̀ sí méjì lábẹ́ bọ́ílà kan ṣoṣo, ìkòkò irin tí omi ti ń hó di sítíìmù. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ bọ́ílà gírígírí. Ẹsẹ̀ iwájú ní oríkèé, ó lè yí sọ́tùn-ún kó yí sósì, bọ́ílà a sì máa fi àyà yọ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀kan kékeré nínú rẹ̀ gbé àwọn àlejò káàkiri ìpàtẹ ńlá kan ní Páríìsì. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì sọ ọ́ di òmìrán.

Àwọn kan ti ṣe ọkọ̀ olóríkèé ṣáájú rẹ̀. Ohun tó ń bá wọn jà ni pé páìpù tó gba ojú oríkèé kọjá kì í pẹ́ jò, nítorí sítíìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú bọ́ílà bọ́ le púpọ̀. Ọgbọ́n ọkùnrin yìí ni pé ẹ̀yìn, níbi tí nǹkan kan kì í mì, ni sítíìmù líle kọ́kọ́ lọ, sínú sìlíńdà kékeré méjì. Ìgbà tó bá ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó ti rọ̀ ni yóò tó gba oríkèé lọ síwájú, sínú sìlíńdà ńlá méjì, nítorí sítíìmù tó ti rọ̀ nílò àyè tó fẹ̀ kó tó lè ti nǹkan. Bàbá mi ti sọ èyí fún wa láìmọye ìgbà, láti kékeré. Ó ti sọ ọ́ títí ó fi sú wa, ohun tó bá sì ti súni, ẹnu ni à ń wò, a kì í gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí ì bá gbà wá là ti wọ ilé wa tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, kò rí ibi jókòó.

Ọdún kẹta tó ti ń ṣe àpẹẹrẹ ọkọ̀ yìí ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Láti ìgbà náà, àwa mẹ́ta la pín iṣẹ́ ọ̀hún. Bàbá ń fi ẹnu sọ, ó sì ń fi ọwọ́ yẹ irin wò. Àbúrò mi, tó jẹ́ wẹ́dà ní ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ń gé irin, ó ń jó o pọ̀. Èmi ń ka ìwé. Ìgò irin tí wọ́n fi ń paná ni a fi ṣe bọ́ílà. Bàbá rẹ́rìn-ín sí ìyẹn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, pé panápaná ti di oníná. Ọkọ̀ náà gùn tó bẹ́ǹṣì tí èèyàn mẹ́ta lè jókòó lé. A tẹ́ ojú irin fún un yí igi kájú ká lẹ́yìn ilé, nítorí ó fẹ́ kó ní ibi tí yóò ti tẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí èmi àti àbúrò mi ṣe jẹ́ síra wa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Mùsùlùmí ni Ìyé, bí a ṣe ń pe ìyá wa, Kírísítẹ́nì sì ni Bàbá, nítorí náà ẹran Iléyá àti ẹran Kérésì ni à ń jẹ nílé wa. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, òfin kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí àwo: àbúrò ni yóò pín, ẹ̀gbọ́n ni yóò kọ́kọ́ mú. Àbúrò mi a gé ẹran náà dọ́gbadọ́gba, ojú rẹ̀ a sì máa tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo wọlé sí yunifásítì, apá Bàbá kò ká àwa méjèèjì mọ́. Àbúrò mi fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó dùn mọ́ ọn. Èmi ni àgbà, èmi ni mo kọ́kọ́ mú.

Ní ọjọ́ kan nígbà òjò, mo mú ìwé dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti kù díẹ̀ kó so páìpù. Inú mi kò dára lọ́jọ́ náà. Mo ti ka ìwọ̀n kan fún un láàárọ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì wá hàn pé òun ló jàre. Àwọn oníbàárà rẹ̀ méjì dúró níbẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Tíṣà ni mí; n kì í gbà kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí," ó ní, "sítíìmù tó ń ti inú bọ́ílà bọ̀, ibo ló kọ́kọ́ lọ?"

Mo ṣí ìwé. Ní ojú ewé yẹn gan-an, ikán ti jẹ ihò kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ihò náà sì gbé páìpù lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ṣàlàyé rẹ̀. Mo rí bọ́ílà lókè, mo rí sìlíńdà nísàlẹ̀, n kò rí ohun tó so wọ́n pọ̀. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n sọ pé, "Ikán ti jẹ ẹ́, jẹ́ ká lọ bi Bàbá." Ilé kò jìnnà. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, àwọn oníbàárà yẹn ṣì jókòó. Mo wo àwọn sìlíńdà tó wà nílẹ̀, ńlá méjì, kékeré méjì. Kí ló tún kù láti rò? Èwo nínú ńlá àti kékeré ni yóò kọ́kọ́ mú nílé Yorùbá?

"Iwájú," mo ní. "Àwọn ńlá. Àjẹkù wọn ló ń lọ sí ẹ̀yìn."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Rọ́bà rédíétọ̀ mọ́tò ló mú dání, èyí tí Bàbá ní kó fi ṣe oríkèé. "Sítíìmù líle yóò gba inú rọ́bà yìí kọjá nìyẹn? Bàbá ní kò ní rí ooru púpọ̀."

"Ta ló ka físíìsì nínú èmi àti ìwọ?"

"Ẹ rí i níbẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo rí i."

Ó so ó bí mo ṣe wí. Nírọ̀lẹ́, Bàbá bi mí bóyá mo ka gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe wà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì a fi àkísà àti amọ̀ wé gbogbo páìpù, àyàfi rọ́bà ojú oríkèé, kí ooru má baà ṣòfò, kò sì sí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe lè rí ohun tó wà lábẹ́ wọn mọ́. Ọdọọdún ni mo ń kọ́ ọmọ ní òfin gáàsì. Ọdọọdún ni mo ń kọ ọ́ sójú pátákó pé bí àyè ṣe ń fẹ̀ ni agbára ń dínkù. N kò rántí rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn Kérésì la dáná. Ọyẹ́ ti dé, òkè kò hàn dáadáa, ètè gbogbo wa ti sán. A gbé ọkọ̀ náà lé orí ìtì igi méjì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yí láìrìn, nítorí Bàbá ní òun yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní ìdúró kó tó bọ́ sórí irin. A ti fi omi dán bọ́ílà wò lẹ́ẹ̀mẹta. Òun ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ló ń wí. Èédú àti eésan ẹ̀yìn tí wọ́n ti fún epo lára rẹ̀ ni àbúrò mi fi dáná. Ìyé lọ kírun Alásàárì, ó padà wá jókòó sábẹ́ ìborí ilé pẹ̀lú tẹ̀súbà rẹ̀.

"Ó dé ibo?" Bàbá ń bi léraléra.

"Kò tíì dé ìdajì," àbúrò mi a wí, ojú rẹ̀ lórí géèjì tó ń wọn agbára sítíìmù.

Bàbá jókòó sórí àpótí, ó yí etí òsì sí ọkọ̀. Ó gbé igi rẹ̀ lé itan. Mo rí i pé ó ti fá irùngbọ̀n, pé ṣẹ́ẹ̀tì tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo sì rò pé ẹ̀rù bọ́ílà ni.

Nígbà tí géèjì dé ibi tó fẹ́, ó ní, "Tíṣà, ìwọ lo máa tú u. Ìwọ ni àkọ́bí."

Mo di ọwọ́ irin tó ń tú sítíìmù sílẹ̀ mú, mo sì tì í. Ọkọ̀ náà gbọ̀n. Ẹsẹ̀ iwájú fò sókè lójijì, ó ń yí bírí-bírí bí ẹni tí wọ́n fi iná sun. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kàn ń wọ́. Àbúrò mi kígbe ayọ̀, Ìyé dìde. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọrùn, ó gbọ́ ọ díẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ.

"Háábà," ó ní. "Kì í ṣe ohùn rẹ̀ nìyí. Iwájú ló ń ké. Ẹ̀yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wọlé sí mi lórí. Gbogbo ohun tó ti ń sọ láti ìgbà èwe mi, òfin gáàsì, rọ́bà tó wà lọ́wọ́ àbúrò mi lọ́jọ́ òjò, wọ́n dé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo rọ́bà náà. Ó ti ń wú.

Bàbá ti kúnlẹ̀. Ó ti fi igi rẹ̀ kan sìlíńdà iwájú, ó ti gbé etí òsì lé orí igi. Orí rẹ̀ kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ sí rọ́bà. Etí ọ̀tún, èyí tó ti kú, ló kọ sí mi. Bí mo bá pè é, kò ní gbọ́.

Ọwọ́ mi ṣì wà lórí irin náà. Kí n fà á padà, ó tán. Ṣùgbọ́n bí mo bá fà á padà, wọn yóò bi mí pé kí ló dé. Mo ti bá ara mi jà lórí èyí tó, n kò sì ní purọ́ mọ́: mo dúró. Mo rò pé bóyá rọ́bà yóò gbà á. Mo rò pé bóyá yóò dìde fúnra rẹ̀, ká pa iná, kí n wá ọgbọ́n kan dá sí i lọ́la. Ìmí mẹ́ta ni mo mí. Bàbá mi kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo sì ń ro ohun tí wọn yóò sọ nípa mi.

Rọ́bà náà wú bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́. Àbúrò mi tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì rí i. Kò pariwo, kò bèèrè. Ó fò kọjá lórí ìtì igi, ó fi èjìká ti Bàbá ṣubú, rọ́bà sì bẹ́.

N kò lè ṣàpèjúwe ariwo náà. Funfun ni gbogbo ẹ̀yìn ilé. Ìgbà yẹn ni mo tó fa irin náà padà, nígbà tí kò wúlò mọ́. Nígbà tí èéfín rọlẹ̀, àbúrò mi jókòó sílẹ̀, ó na apá ọ̀tún síwájú rẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ ni awọ rẹ̀ ti bó. Ìyé ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń fi ìborùn fẹ́ ẹ, ó ń wí pé, "Okun, okun," bí a ṣe ń kí ẹni tó farapa nílẹ̀ wa.

Bàbá wà nínú erùpẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí òsì. Ó gbórí sókè.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ó ní. "Ṣé ẹnikẹ́ni farapa? Ẹ dá mi lóhùn."

Gbogbo wa là ń dá a lóhùn. Mo sún mọ́ etí náà, mo pariwo sínú rẹ̀. Ó ń yí ojú kiri.

"Ẹ dá mi lóhùn," ó tún wí.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n di apá àbúrò mi, wọ́n ní yóò san, àmọ́ kó má fọwọ́ kan iná fún ìgbà díẹ̀. Ní ti etí Bàbá, nọ́ọ̀sì ní ó lè padà, ó sì lè má padà, ká ní sùúrù. Ìyé kò ní sùúrù. Níwájú ilé ìwòsàn, ó bi wá pé ta ló ṣe èyí.

"Èmi ni," àbúrò mi wí kí n tó lanu. "Èmi ni mo so páìpù lódì."

Ìyé bá a wí. Ó ní láti kékeré ni kì í ti í fara balẹ̀, ó ní òun ti mọ̀ pé ìwàǹwára rẹ̀ ni yóò pa bàbá rẹ̀. Àbúrò mi dúró níbẹ̀ pẹ̀lú apá rẹ̀ nínú báńdéèjì, ó ń gbà á. Mo mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ya dání. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ilẹ̀ pàápàá, síbẹ̀ ẹnu mi kò là.

Nígbà tí Ìyé wọlé lọ tán, mo bi àbúrò mi pé kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀.

"Bàbá kò gbọ́ nǹkan kan báyìí," ó ní. "Ìyé nìkan ló ń bínú, ìbínú Ìyé kì í sì í pa mí." Ó wò mí. "Àǹtí, ṣé ẹ rí i nínú ìwé lọ́jọ́ yẹn àbí ẹ ò rí i?"

"Mi ò rí i. Ikán ti jẹ ibẹ̀."

Ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọjà ti tú. Ìyẹn dùn mí ju kó gbá mi létí lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò lọ tó oṣù mẹ́fà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ ọ́ fún Ìyé níwájú àbúrò mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà," ó ní, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún mi láti fẹnu ara mi parí. Lẹ́yìn náà ló lọ gbé omi ìwẹ̀ kaná fún àbúrò mi.

Ó ku Bàbá. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí bọ́ílà tó ti tutù. Báwo lèèyàn ṣe ń jẹ́wọ́ fún ẹni tí kò ríran, tí kò sì gbọ́? Mo tú àkísà kúrò lára páìpù, mo fọ́ amọ̀ rẹ̀ dànù. Mo mú ìka rẹ̀, mo gbé e lé ibi tí páìpù ti jáde nínú bọ́ílà, mo sì fà á lọ díẹ̀díẹ̀, síwájú, gba ojú oríkèé, dé ara sìlíńdà ńlá. Ara rẹ̀ le. Ó fa ọwọ́ padà, ó tún ọ̀nà náà tọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá ṣí ìwé, mo fi ìka rẹ̀ kan ihò inú rẹ̀, mo mú un yí etí ihò náà po. Lẹ́yìn náà mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ẹnu mi.

Ó yé e pé ẹnu yìí ló ka ihò náà. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kì í mọ bó ṣe ń pariwo tó. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ èsì rẹ̀.

"Ìwé tí o kò rí lo kà fún ọmọ ìyá rẹ. Ẹni tó bá ní òun kò rí i, a ó bá a wá a. Ẹni tó bá ní òun rí i, a ó tẹ̀ lé e ni."

Láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ lé e lọ́wọ́, ó mọ ọwọ́ mi, ó ń gbà á.

Àbúrò mi kò lè di iná mú, nítorí náà èmi ni mo tún páìpù náà ṣe. Ó jókòó lórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń sọ, mo ń ṣe. Ó fi gíláàsì dúdú rẹ̀ sí mi lójú. Mo jó irin jó ìka ara mi, mo ba páìpù méjì jẹ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì fi mí rẹ́rìn-ín títí tó fi sú wọn. Gbogbo ibi tí n kò bá mọ̀, mo bi í. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló gbà wá. Sítíìmù líle lọ sí ẹ̀yìn, sínú sìlíńdà kékeré. Rọ́bà tuntun gba èyí tó ti rọ̀ lọ síwájú.

Ọdún tuntun ti wọlé nígbà tí a tún dáná. Etí Bàbá kò tíì padà. Ìyé ní ká dúró, pé kí la fẹ́ dáná sí i fún nígbà tí ẹni tó ni ín kò ní gbọ́? Bàbá ló fi ọwọ́ kan bọ́ílà láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó wí pé, "Ẹ dá a." Bóyá ó ti rí i pé kò sí ohun tí òun yóò dúró dè mọ́.

Mo gbé ọwọ́ àbúrò mi tí kò farapa lé irin tó ń tú sítíìmù. Ó wò mí, ó sì gbà á. Mo lọ dúró sójú rọ́bà, láàárín òun àti Bàbá. Bí yóò bá tún bẹ́, èmi ni kó kọ́kọ́ bá. Géèjì gòkè. Àbúrò mi ti irin náà.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ yí. Ó yí pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn náà ni iwájú gbà á. Rọ́bà kò wú. Èéfín ń jáde lójú ṣímínì pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Ohùn tí ó ti ń retí fún ọdún mọ́kànlá nìyẹn, ó wà níwájú rẹ̀, gbogbo wa ń gbọ́ ọ, òun nìkan ni kò gbọ́.

Ó kúnlẹ̀. Ó fi igi kan ara sìlíńdà, ó gbé etí òsì lé e. Ó dúró. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí débi pé ibẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn náà ó mi orí, ó gbé igi náà sórí itan rẹ̀. Ìyé fi ìborùn bo ojú. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, n kò sọ ọ́ bí àṣà ẹnu.

Ìgbà náà ni Bàbá yí igi náà po. Eyín mẹ́rin péré ló kù fún un níwájú, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, wọn kò sì dojú kọra dáadáa. Ó wá ibi tí wọ́n ti pàdé, ó fi wọ́n di igi mú, ó fi orí igi náà kejì kan sìlíńdà ẹ̀yìn.

A kò mọ ohun tí à ń wò. Ìka rẹ̀ kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í lu itan rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó sì ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ mu. Ó gbé igi lọ síwájú, ó tún fi eyín dì í mú. Ìka rẹ̀ kejì bẹ̀rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀ tí kò ríran, kò nù ún.

Ó yọ igi lẹ́nu. "Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀," ó kígbe. "Ẹ̀yìn jẹun, ó kù fún iwájú."

Lẹ́yìn náà ló na igi náà sí mi. Kò pè mí láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́wọ́. "Tíṣà," ó ní. "Wá gbọ́."

Mo kúnlẹ̀. Mo fi eyín mi sí ojú àpá eyín rẹ̀ lára igi, itọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ohùn ọkọ̀ wọlé sí mi lórí, tipátipá, láti inú egungun.

"Kí lo gbọ́?" ó bi mí.

Kò sí bí yóò ṣe gbọ́ èsì. Mo fa ọwọ́ rẹ̀, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo sì fi ìka lu ohun tí mo gbọ́ sí i, bó ṣe ń wá. Níbi tí kò bá ti yé mi, mo gbé ìka sókè kí ó mọ̀ pé n kò gbọ́ ibẹ̀. N kò fi ọ̀kan kún un.